Eyín sí Ọ̀tún

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n fi pe bàbá mi lólè, bàbá mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi ni mo bá wọn jà. Wọn kì í dédé pe èèyàn ní Ata. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ yẹn ládùúgbò wa, mi ò sì tíì rí ìdí tí mo fi máa dà á nù. Ẹ má sì bínú pé "ó" ni mò ń pe bàbá mi nínú ìtàn yìí. Bí mo bá ní "wọ́n", ẹ ò ní mọ̀ bóyá bàbá mi ni mò ń sọ ni àbí àwọn tó ń pè é lólè.

Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni bàbá mi ń ṣe. Bí kọ́kọ́rọ́ rẹ bá sọnù, bó bá kán sínú ilẹ̀kùn, bí àgádágodo rẹ bá dípẹtà tí kò fẹ́ ṣí mọ́, ọ̀dọ̀ wa lò ń bọ̀. Ṣọ́ọ̀bù wa ò fẹ̀ ju yàrá kan lọ: tábìlì kan, ẹ̀rọ tó ń gé eyín kọ́kọ́rọ́, àga méjì, àti fèrèsé tó kọjú sí títì. Yàrá tí bàbá mi ń sùn wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Èmi ń ti ilé tèmi wá láràárọ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé tí a ti jọ ń ṣe é, láti ìgbà tí ọkọ mi ti kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé mi, tó sì kó díẹ̀ nínú tèmi mọ́ ọn.

Ẹ ò rí nǹkan? Àwa tó jẹ́ pé ìwà burúkú ọmọ aráyé là ń jẹ, ọ̀dọ̀ wa ni ẹni tó gbà pé èèyàn dáa jù lọ láyé wà. Mo máa ń bi í pé, "Bàbá, bí èèyàn bá dáa tó bí ẹ ṣe ń sọ yìí, kí là ń tà?"

Á ní, "Kọ́kọ́rọ́ ni."

"Kí ni wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣe?"

"Wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ni, Ata. Ṣé o ti rí ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ fọ́lé rí?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà o.

Lẹ́yìn àga rẹ̀, pátákó ńlá kan wà lára ògiri, ìṣó ló kún ara rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé àwọn ará àdúgbò ló wà lórí ìṣó yẹn, mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ẹni tó bá gé kọ́kọ́rọ́ méjì á mú ọ̀kan lọ, á fi ìkejì ti bàbá mi, nítorí ọjọ́ tí tọwọ́ rẹ̀ bá sọnù. Kò sí orúkọ lára wọn, kò sí nọ́ńbà. Bí olè bá tiẹ̀ wọlé, irin lásán ló máa rí, kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ilé ta ni. Bàbá mi nìkan ló mọ gbogbo wọn tán, ọwọ́ ló sì fi ń mọ̀ wọ́n, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Á fi àtàǹpàkò ọ̀tún gba etí kọ́kọ́rọ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, á ní, "Ti Tíṣà nìyí, eyín kẹta rẹ̀ kúrú." Èmi náà mọ̀ tó ogójì nínú wọn. Nítorí àtàǹpàkò yẹn la ṣe ní òfin kan: bó o bá fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó, eyín rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀tún. Kò sí àlàyé níbẹ̀. Mo wà lọ́mọ ọdún méje nígbà tí mo gba ìfọ́tí àkọ́kọ́ nítorí ẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ilé tèmi ò sí lórí pátákó o. Bàbá mi ló gé e fún mi fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ mi lọ. Ó gé méjì, ó ní kí n fi ọ̀kan sílẹ̀. Mo ní rárá. Mo so méjèèjì mọ́ okùn, mo fi okùn náà sídìí. Bàbá mi ò jiyàn, ó kàn kan ìṣó kan fún mi ní ìsàlẹ̀ pátákó. Ìṣó yẹn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà láìsí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ń gbé ní ilé kẹta sí ṣọ́ọ̀bù wa, òun nìkan. Ilé ìyá wọn ni. Ìyá ti kú, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n jọ dàgbà níbẹ̀ sì ti kó lọ sí òdìkejì ìlú. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, ó ṣílẹ̀kùn rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣí i, ó wọlé, ó rí i pé maṣíìnì ìránṣọ ìyá wọn ò sí lórí tábìlì mọ́. Yẹtí wúrà ìyá náà ò sí nínú àpótí. Ilẹ̀kùn ò fọ́. Fèrèsé ò fọ́. Kò tiẹ̀ sí ìdọ̀tí ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Aránṣọ tó wà ní iwájú wa gan-an ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà wa, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀, ó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè fúnra rẹ̀.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí! Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì. Ìkejì ńkọ́?"

Mo fò síta. "Ìkejì wà níbi tó ti wà láti ọdún mẹ́jọ! Ṣé ìwọ lo fẹ́ pe ẹnìkan lólè? Ìyókù aṣọ tí mo gbé fún ẹ lọ́dún tó kọjá dà?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò pẹ́. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni, ká tiẹ̀ ní wọ́n bú wa ni, ǹ bá mọ èsì tí mo máa fọ̀. "Bàbá, a ò sọ pé ẹ̀yin ni o. A kàn ní kí ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ wa ná." Bàbá mi á ní, "Kò burú." Á na ọwọ́ sẹ́yìn, á fi àtàǹpàkò wá a, á fi àkísà nù ún kó máa dán, á fi fún ẹni tó ni ín. Ó nu gbogbo wọn o! Mo ní, "Ẹ tún ń nù ún fún wọn?" Ó ní, "Ṣé kí n fi ìdọ̀tí fún wọn ni?"

Mo jà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ìjà tán lẹ́nu mi, èrò sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Èèyàn méjì péré ló lè mọ kọ́kọ́rọ́ Nọ́ọ̀sì lórí pátákó yẹn, èmi àti bàbá mi. Èmi kọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn, mo ti lọ ra kọ́kọ́rọ́ tí a ò tíì gé eyín sí, bàbá mi nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo sì rántí pé nígbà tí mo dé, ó jókòó jẹ́ẹ́, tíì rẹ̀ ti tutù nínú ife, kò tiẹ̀ bi mí pé báwo lọ́nà. Bàbá mi tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀!

Orí mi dàrú. Mo ní, ṣé bàbá mi? Mo dá ara mi lóhùn pé ká má rí i. Mo tún ní, gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, ta ló mọ èyí tí inú ń run? Ṣé mo mọ ọkọ mi ni, tí mo sùn tì fún ọdún mẹ́sàn-án? Ní àárọ̀ yẹn, nígbà tí bàbá mi ń wẹ̀, mo wọ yàrá rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàtà àtijọ́ méjì ló wà níbẹ̀, àti àpò kọ́kọ́rọ́ tó ti dípẹtà, àti fọ́tò ìyá mi tó ti já kúrò nínú férémù. Mo gbọ́ tí omi dákẹ́ ní balùwẹ̀, mo sáré dìde.

Bàbá mi jáde, aṣọ ìnura lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Ṣé nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ ẹ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé o rí i?"

Mo ní rárá. Ojú tì mí débi pé mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ sunkún, mo wá padà wá gé kọ́kọ́rọ́ kan tí kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí níṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń gé e ni mo gbójú sókè wo pátákó. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ péré ló kù lórí rẹ̀. Nígbà tó kún, ta ló ń wo ẹyọ kan? Ti Nọ́ọ̀sì ṣì wà níbẹ̀. Ó ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíì, kò wá gba èyí tí kò wúlò mọ́. Mo wò ó, mo tún un wò. Eyín rẹ̀ kọjú sí òsì.

"Bàbá, ta ló fi kọ́kọ́rọ́ yìí kọ́ ìṣó?"

Ó gbé ayùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ló dé?"

"Eyín rẹ̀ wà lósì. Ẹ̀yin kọ́, èmi kọ́. Ọwọ́ ẹlòmíì ló gbé e síbẹ̀."

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà. Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀. "O ti mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ," ó ní. "Ọwọ́ mi ti bà á lálẹ́ ọjọ́ Ajé, mi ò kàn yí i padà ni. Àbúrò rẹ̀ ni."

Ó ròyìn ẹ̀ fún mi. Àbúrò Nọ́ọ̀sì wá lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní kí òun wá mú agboòrùn, òjò fẹ́ rọ̀. A kì í fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíì láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa. Bàbá mi ló gbé òfin yẹn kalẹ̀, òun náà ló sì rú u, torí pé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí ni ọmọ náà ti kọ́ ìrìn, kọ́kọ́rọ́ àlòkù la sì fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tó dá a padà, àgádágodo kan wà lọ́wọ́ bàbá mi, ó ní kó bá òun fi kọ́ ìṣó. Bí ọmọ náà ṣe ní "Ẹ ṣeun, Bàbá", bàbá mi ti mọ̀.

"Ohùn rẹ̀ ò dáa," ó ní.

"Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ Ajé, ẹ wá dákẹ́?" Mo rò pé gbogbo títì ló gbọ́ mi. "Wọ́n ń pè yín lólè, Bàbá!"

"Bí mo bá sọ ọ́ lónìí, olè lorúkọ ẹ̀ títí tó fi máa kú. Bí mo bá dákẹ́, ó ṣì lè dá a padà. Á kàn jẹ́ ọmọ tó ṣìwà hù lẹ́ẹ̀kan ni."

"Orúkọ tiyín ńkọ́?"

"Èmi ti dàgbà. Tèmi ti pẹ́ nílẹ̀, ó lè fara dà á."

"Ẹni tó jí ẹrù ìyá rẹ̀ tó ti kú gbé! Òun lẹ rò pé ó máa dá nǹkan padà?"

"Á dá a padà," bàbá mi ní. "Mo mọ̀ ọ́n." Ó wá ní kí n ṣèlérí pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣèlérí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ìlérí Ata ṣe máa ń pẹ́ tó.

Láti ọjọ́ náà ló ti gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀, á gbórí sókè. Bí ẹsẹ̀ bá kọjá, á tún tẹ̀ ẹ́ ba. Mi ò mọ̀ bóyá kí n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni àbí kí n dì mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ wá mọ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Tíṣà wá, Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí òun àti bàbá mi jọ ń mu tíì láràárọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́. Ó ní àwọn ọmọ òun ló ń yọ òun lẹ́nu. Bàbá mi wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, eyín kẹta tó kúrú, ó nù ún. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ lórí ẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Kò jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló tó mi. Mo dé ní àárọ̀, mo bá a tó dúró níwájú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tó ń fi ọwọ́ pa á. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì funfun kọ nǹkan síbẹ̀, ó tóbi gan-an.

"Ata, kí ni wọ́n kọ síbí? Ojú mi ò mú un."

OLÈ ni wọ́n kọ.

"Wọn ò kọ nǹkan kan, Bàbá. Àwọn ọmọdé ló ya ẹyẹ."

"Ẹyẹ? Ó tóbi o."

"Ẹyẹ ńlá ni." Mo fi etí aṣọ mi nù ún títí tó fi tán. Mo jókòó, mo gé kọ́kọ́rọ́ kan, mo gé e bàjẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, mo dìde, mo lọ sílé Nọ́ọ̀sì. Bàbá mi pè mí, mi ò dáhùn.

Nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn, ó rí mi, ó fẹ́ pa á dé. Mo ti fẹsẹ̀ kọ́ ọ. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sẹ́nu látọ̀nà: pé àbúrò rẹ̀ ni, pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo wọlé, mo la ẹnu, mo rí tábìlì. Wọ́n da aṣọ bo nǹkan kan lórí rẹ̀, aṣọ náà ò sì gùn tó. Maṣíìnì ìránṣọ ni.

Mo kàn nàka sí i.

Nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ gbì. "Ó gbé e wá fún mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Ẹ̀gbọ́n. Ó sunkún títí. Ó ti ta yẹtí, ṣùgbọ́n kò lè ta èyí. Ó ní òun gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ rà á, ẹni yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ bí Màmá ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, òun bá gbé e padà."

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta? Òní ti di Ọjọ́rú!"

"Mo ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ ni."

"Bí o ṣe máa sọ ọ́? Ṣé o rí nǹkan tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn wa láàárọ̀?"

"Mo rí i." Ó fọwọ́ bojú. "Òun nìkan ni mo ní láyé, Ẹ̀gbọ́n. Mo ní bí wọ́n bá mọ̀, ayé ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo ní Bàbá ti dàgbà, wọ́n á gbàgbé tó bá yá."

Bàbá ti dàgbà. Bàbá mi fúnra rẹ̀ sọ gbólóhùn yẹn, omi dà lójú mi. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́, ọwọ́ mi gbéra láti gbá a létí. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ẹni tí mò ń sọ. Nọ́ọ̀sì yìí ló wẹ ìyá mi nígbà tí àìsàn tó pa á ń rùn, tí èmi tó bí ń di imú. Kò gba kọ́bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ka èèyàn rere mẹ́ta ládùúgbò wa, òun ni mo máa kọ́kọ́ dá lórúkọ. Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu, èmi Ata ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Olè ti dá ẹrù padà, èèyàn rere sì gbé e pamọ́. Kí wá lèyí?

"Dọ̀la," mo ní. "Bí o ò bá sọ ọ́ dọ̀la, mo máa fi agogo kéde rẹ̀."

"Màá wá fúnra mi," ó ní.

Mi ò gbà á gbọ́. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ro gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi láìmí.

Ó dìde. "Ó dá a padà?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán—"

"Ó dá a padà! Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Ṣé mi ò sọ ọ́?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́, omi ń jáde lójú rẹ̀. Mo dúró, mò ń wò ó, inú ń bí mi, àánú sì ń ṣe mí.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dá a padà, Bàbá. Nọ́ọ̀sì ti mọ̀ láti Àbámẹ́ta."

Ó rọra jókòó. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ́ ni Tíṣà wá gba tiẹ̀?"

"Ọjọ́ yẹn náà ni."

Ó na ọwọ́ sí ife tíì rẹ̀, kò rí i, mo gbé e sún mọ́ ọn. Kò sọ nǹkan kan mọ́ títí tí a fi palẹ̀ mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí kò ní ọ̀rọ̀ kan láti fi gba ọmọ aráyé sílẹ̀. Mo sì fẹ́ kó sọ ọ́ o! Láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ ni mo ti ń bá a jiyàn, lọ́jọ́ yẹn mo fẹ́ kó borí mi, kò bá mi jiyàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì kọjá nínú aṣọ funfun rẹ̀. Kò yíjú sí wa.

"Ẹ rí i?" mo ní.

"Iṣẹ́ àárọ̀ ló ní," bàbá mi ní. Ohùn rẹ̀ ò lágbára.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Nọ́ọ̀sì padà dé. Kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àyà kan ẹ̀yìn rẹ̀, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì dúró sí àárín títì, láàárín ṣọ́ọ̀bù wa àti ti Aránṣọ, ó ní kí wọ́n bá òun pe Tíṣà. Nígbà tí èèyàn pọ̀ tó, ó sọ ọ́. Kò yí i po. "Àbúrò mi ló jí ẹrù mi. Ó ti dá maṣíìnì padà láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́, mo jẹ́ kí ẹ máa pe Bàbá lólè. Àwa méjèèjì la ṣẹ Bàbá, tèmi ló pọ̀ jù." Àbúrò rẹ̀ ní kí Bàbá jọ̀ọ́, ohùn rẹ̀ ò sì jáde tán.

Aránṣọ ló kọ́kọ́ dáhùn. "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò lè jẹ́ Bàbá!"

Ẹ wò ó, àgádágodo wà lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run ló yọ Aránṣọ.

Bàbá mi dìde lórí àga. Mo ní ó máa bú wọn, mo gbàdúrà kó bú wọn. Ó na ọwọ́ sí Nọ́ọ̀sì. "Kọ́kọ́rọ́ tuntun ẹ dà?"

Nọ́ọ̀sì wá a nínú báàgì, ó fi í lé e lọ́wọ́. Bàbá mi fi àtàǹpàkò gba etí rẹ̀ kọjá, ó fa ojú ro. "Ta ló gé èyí? Wọn ò yùn ún dáadáa." Ó mú ayùn, ó yùn ún títí tí gbogbo eyín rẹ̀ fi jọ̀lọ̀, gbogbo wa dúró sójú títì, à ń gbọ́ ayùn. Lẹ́yìn náà ló na kọ́kọ́rọ́ náà síta. Kì í ṣe Nọ́ọ̀sì ló nà án sí. Àbúrò rẹ̀ ló nà án sí.

"Gbà. Yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò, kó o fi èyí kọ́ ibẹ̀. Eyín sí ọ̀tún."

Àwọn èèyàn kùn. Ọmọ náà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo èmi. Mo mú ojú le sí i, kí ó má lọ rò pé a ti parí ìjà. Ó wọlé, ó pẹ́ níbi ìṣó yẹn. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, bàbá mi fọwọ́ kàn án, ó ní, "Ó dáa." Ọmọ náà bú sẹ́kún.

Tíṣà ló kọ́kọ́ dá tirẹ̀ padà, kò lè wo bàbá mi lójú, bàbá mi sì ní kó jókòó, tíì ti ń hó. Àwọn kan wá lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan ò wá mọ́ títí di òní. Mọ́kànlélógójì ló wà lórí pátákó báyìí. Mo mọ àwọn tí kò dá a padà, mo mọ ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò sì tíì dárí jì wọ́n.

Bí ẹ bá bi mí bóyá èèyàn dáa, mi ò mọ̀. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Bí Nọ́ọ̀sì bá kọjá, mo máa ń kí i, ṣùgbọ́n kíkí náà kì í ti inú mi wá tó bí mo ṣe ń ṣe é. Bí mo bá rí àbúrò rẹ̀, mo máa ń di báàgì mi mú kí n tó rántí.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí gbogbo wọn ti lọ, tí bàbá mi wọ yàrá lọ mú ìgbálẹ̀, mo tú okùn ìdí mi. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe é. Mo wo ẹnu ọ̀nà yàrá bí ẹni tó ń jalè. Mo fi kọ́kọ́rọ́ kan kọ́ ìṣó ìsàlẹ̀ yẹn, mo sì sáré lọ dúró síbi fèrèsé, mò ń wo títì.

Bàbá mi jáde. Kó tó ti ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń fi ọwọ́ gba orí pátákó kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà. Mo gbọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo yíjú. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìṣó ìsàlẹ̀. Mo ti gbé e kọ́ sódì, eyín sí òsì. Ó yọ ọ́, ó fi àtàǹpàkò gba etí rẹ̀ kọjá, eyín kan tẹ̀ lé eyín kan, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló gé e. Ó yí i padà, ó fi kọ́ ìṣó, eyín sí ọ̀tún.

"Ata," ó ní, "bá mi ti fèrèsé."